Jókòó sójú kan, kà á, kọ ọ́ sílẹ̀: bí a ṣe ń ṣèwádìí òdòdó àti kòkòrò lórí àpáta Abẹ́òkúta

Gbogbo àwa tá a gbé Abẹ́òkúta dàgbà la mọ àpáta. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ìyá wa ń sá láfún lé e lórí, àwọn ọmọdé ń gun ún bí àtẹ̀gùn. Nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n jù, a máa ń rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gun ọ̀kan lóṣù June, lẹ́yìn tójò bá ti rọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ìlà tín-ín-rín tí yẹ̀pẹ̀ ti kó jọ sí, ẹ ó rí òdòdó funfun, òdòdó yẹ́lò, ẹ ó rí oyin, ẹ ó rí labalábá, ẹ ó tún rí eṣinṣin tó múra bí oyin. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, iṣẹ́ ìwádìí gidi, kò sì gba owó púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú gbogbo ẹ̀ ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń sáré lé labalábá kiri. Iṣẹ́ ẹni tó lè jókòó ni. Ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀pẹ kẹ́ ẹ rí i. Ó pẹ́ táwọn èèyàn ti gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀pẹ láti ara akọ lọ sára abo, débi pé ní Malaysia ṣe ni wọ́n ń háyà òṣìṣẹ́ tí yóò máa fọwọ́ bu lẹ́búlẹ́bú náà sórí òdòdó abo kí ọ̀pẹ tó lè so dáadáa. Onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Rahman Syed wá sí Cameroon, ó jókòó ti òdòdó ọ̀pẹ, ó ń wò ó, ó sì rí i pé kòkòrò bíńtín kan, Elaeidobius kamerunicus, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1981 wọ́n kó kòkòrò yẹn lọ sí Malaysia, ọ̀pẹ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í so láìsí pé èèyàn ń fọwọ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ wò ó o, inú ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí ni kòkòrò yẹn ti wá, ẹyìn tá a ń jẹ látayébáyé, òun ló ń bá wa ṣe é.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó o fẹ́ béèrè

Ẹ má gun òkè kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó, kó sì jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè fi iye dáhùn. Bí àpẹẹrẹ: kòkòrò wo ló ń wá sórí yúnyún láàárọ̀, èwo ló ń wá lọ́sàn-án? Ṣé òdòdó tó wà lókè àpáta ń rí àlejò tó tó ti èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá oko? Ṣé igbálódé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọkọ̀ ń rí oyin bíi ti igbálódé inú ọgbà?

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí òkè ńláńlá, bíi Kilimanjaro tó ga ní mítà 5,895, tàbí Chappal Waddi tiwa ní Taraba tó lé ní mítà 2,400, ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni pé bí wọ́n ṣe ń gòkè sí i ni òtútù ń pọ̀ sí i, oyin á máa dín kù, eṣinṣin á wá máa gba iṣẹ́ ṣe. Àpáta tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀. Olúmọ gan-an tá a fi ń yangàn, tá a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun, ṣóńṣó orí ẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 137 lọ, òtútù kọ́ ni yóò ṣèyàtọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣèyàtọ̀ níbí ni ooru, afẹ́fẹ́, àti bí yẹ̀pẹ̀ ṣe tó. Ojú àpáta tóòrùn pa lọ́sàn-án March máa ń gbóná débi pé ẹ ò ní lè gbọ́wọ́ lé e. Yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú ihò ẹ̀ lè má nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Nítorí náà ewéko tó bá wà níbẹ̀, akin ni. Koríko kan wà lórí irú àpáta báyìí káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Afrotrilepis pilosa lorúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn ó máa gbẹ háú-háú, èèyàn á ní ó ti kú, òjò ẹyọ kan á rọ̀, á tún padà tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ tọrọ àyè o

Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo irinṣẹ́ lọ. Kò sí àpáta tí kò lẹ́ni tó ni ín l'Abẹ́òkúta. Olúmọ ní géètì, ó ní òṣìṣẹ́, ó sì ní ojúbọ tí wọ́n ṣì ń bọ títí dòní, ẹ ò lè ṣàdédé lọ máa ta okùn síbẹ̀. Àwọn àpáta kéékèèké inú àdúgbò náà, ẹ wá baálẹ̀ lọ. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ sọ pé ẹ ò ní wú nǹkan kan, ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi téèyàn ò gbọdọ̀ dé àti ibi tí wọn kì í ya fótò. Ẹ tún bi wọ́n bóyá orò máa wà láàárín àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ máa wá, pàápàá tí obìnrin bá wà lára yín. Baba àgbà kan tí mo lọ bá bẹ́ẹ̀, ṣe ló dìde, ó mú ọ̀pá ẹ̀, ó mú mi lọ síbi tí oyin ń wọ̀ nínú pàlàpálá àpáta, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má ti apá ibí yìí gùn ún o." Tí mi ò bá kọ́kọ́ lọ kí i ni, apá ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbà gòkè.

Ọ̀rọ̀ oyin yẹn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Oyin ilẹ̀ wa kì í fẹ́ kéèyàn ya ilé òun, tí wọ́n bá sì tú, wọ́n máa ń lé èèyàn jìnnà. Ẹ má fín pàfúúmù lọ, ẹ má wọ aṣọ dúdú, ẹ má ju òkò sínú ihò àpáta kankan, ẹ má sì dá lọ. Tí wọ́n bá tú, ẹ sá, ẹ fi aṣọ bo ojú àti imú, ẹ sá wọ inú ilé tàbí inú ọkọ̀, ẹ má dúró máa fi ọwọ́ lé wọn. Ẹ wo ilẹ̀ nítorí ejò. Tójò bá ti ń ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá, nítorí àrá, àti nítorí pé èéhù orí àpáta máa ń yọ̀ bí ilá.

Ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé

Kò pọ̀. Ìwé kan tí èèpo ẹ̀ le, pẹ́ńsùlù méjì, fóònù tó ní GPS (èyí tó ń sọ ibi téèyàn wà gan-an), rúlà tàbí tépù tí télọ̀ fi ń wọnra, okùn, omi mímu, fìlà, bàtà tó dì mọ́ ilẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni mo wí o, kì í ṣe bíró. Mo ti fi bíró kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì rí, òjò ká mi mọ́ àárín ọ̀nà Ọbáńtokò, kí n tó délé gbogbo ẹ̀ ti di aró. Ó dùn mí débi pé mo sunkún. Pẹ́ńsùlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé lè rẹ, tó bá gbẹ ẹ ṣì máa rí i kà.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá káfíńtà kó fi igi pẹlẹbẹ mẹ́rin kan férémù onígun mẹ́rin fún yín, tí inú ẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà gbogbo. Férémù yẹn ni ojú iṣẹ́ yín. Tí káfíńtà bá jìnnà, wáyà tó le náà máa ṣe é.

Yíyan ojú ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ láìmọ̀. Wọ́n á gòkè, wọ́n á rí ibi tí oyin pọ̀ sí, wọ́n á gbé férémù síbẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ pé oyin pọ̀ lórí àpáta. Ó máa pọ̀ ná, ṣebí ibi tó pọ̀ sí lẹ lọ yàn. Ohun tó tọ́ ni kẹ́ ẹ ta okùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ jẹ́ kó gùn tó 50 mítà, kẹ́ ẹ wá máa dúró ní mítà márùn-ún márùn-ún, òdòdó tó bá sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ dúró jù lẹ máa gbé férémù lé, yálà ẹ rí kòkòrò lórí ẹ̀ àbí ẹ ò rí. Ẹ fi ọ̀dà díẹ̀ tàbí òkúta kékeré sàmì síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè padà síbẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ, ẹ má kun ọ̀dà kankan.

Àwọn ewéko tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni igbálódé, yúnyún àti imí-eṣú. Igbálódé dára púpọ̀ nítorí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ òjò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ òdòdó yípo ọdún, kódà ó ń hù nínú pàǹtí. Láti nǹkan bíi November lọ, ewé Akíntọ́lá máa ń bo gbogbo ìsàlẹ̀ àpáta pẹ̀lú òdòdó tó funfun rẹ́súrẹ́sú, labalábá á wá pọ̀ níbẹ̀ lọ súà. Ẹ má yan àgbàdo tàbí koríko, afẹ́fẹ́ ló ń bá àwọn yẹn gbé lẹ́búlẹ́bú wọn.

Kíkà gan-an

Ẹ gbé férémù kalẹ̀. Ẹ ka òdòdó tó là nínú ẹ̀, ẹ kọ iye ẹ̀. Ẹ kọ déètì, aago, ibẹ̀, bóyá oòrùn yọ tàbí kùrukùru bò ó, bóyá afẹ́fẹ́ ń mi ewé tàbí ó ń mi ẹ̀ka. Ẹ sún sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí òdòdó náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ara àwọn kòkòrò balẹ̀. Ẹ wá tẹ aago fóònù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, gbogbo kòkòrò tó bá bà lórí òdòdó nínú férémù lẹ máa sàmì sí. Èyí tó kàn fò kọjá, kò kàn yín. Èyí tó bà sórí ewé, kò kàn yín. Tí oyin kan bá bà lórí òdòdó mẹ́rin tẹ̀léra, ẹ kọ ọ́ pé kòkòrò kan, òdòdó mẹ́rin, torí iye méjèèjì ló ń wúlò. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù láti wo mẹ́sééjì, ẹ má ya fótò nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ẹ ya fótò tẹ́ ẹ bá parí.

Ẹ wo oyin kan dáadáa lórí igbálódé lọ́jọ́ kan. Òdòdó yẹn tóbi bíi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, àárín ẹ̀ yẹ́lò, etí ẹ̀ funfun, ó sì ga sókè lórí ọ̀pá tín-ín-rín. Tí oyin bá bà á, ọ̀pá yẹn á tẹ̀ wọlẹ̀, oyin á rọ̀ mọ́ ọn, á máa yí po àárín yẹ́lò náà díẹ̀díẹ̀, á ki ẹnu bọ ihò kéékèèké ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí òdòdó tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan yẹn, ọ̀pọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló kóra jọ síbẹ̀. Tó bá gbéra, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ó rí nǹkan yẹ́lò tó dì mọ́ ọn bíi kóró ọkà. Ẹrù tó ń gbé lọ ilé nìyẹn.

Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá wá pé tí kòkòrò kankan ò wá ńkọ́? Ẹ kọ òdo. Mo tún un sọ, ẹ kọ òdo. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé tí nǹkan kan ò bá wá, wọ́n á kàn ṣí férémù lọ síbòmíì, wọn ò ní kọ nǹkan kan. Wọ́n ti ju ohun tó níye lórí jù sígbó nìyẹn. Òdo yẹn ló máa sọ fún wa pé òdòdó kan ń dá wà, pé wọ́n ti jó igbó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, pé ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ti lé ohun tó ń gbé nítòsí lọ, tàbí pé ọ̀sán ti mú jù. Ẹni tí kò bá kọ òdo, gbogbo àpáta ló máa dà bíi pé oyin wà lórí ẹ̀ lójú tiẹ̀.

Ẹ ka ojú kan náà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjìlá, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ka nǹkan kan nígbà tójò bá ń rọ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, tẹ́ ẹ bá sì lè ṣe é láti àkókò òjò wọ inú ọyẹ́, ìyẹn gan-an ló dára jù.

Mímọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn

Ẹ̀yà oyin láyé yìí lé ní 20,000, ẹnikẹ́ni ò retí kẹ́ ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn. Ẹ pín wọn sí agbo-agbo. Oyin ní ìyẹ́ mẹ́rin, ara ẹ̀ nírun. Eṣinṣin ní ìyẹ́ méjì péré, ojú ẹ̀ tóbi gba gbogbo orí, ìwo ẹ̀ kúrú. Èyí tó ní ìlà yẹ́lò àti dúdú bíi ti oyin tó sì ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, eṣinṣin ni, kì í ta èèyàn. Agbọ́n, ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín, ara ẹ̀ ń dán. Labalábá, ṣóńṣó ìwo ẹ̀ rí kúlúpú, ti àfòpiná kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Oyin ńlá dúdú tó ń pariwo, tó ń lu ihò sára igi òrùlé, agbo tiẹ̀ lẹ kọ ọ́ sí. Oyin bíńtín tí kì í ta, tó ń bà sójú èèyàn nítorí òógùn, agbo tiẹ̀ náà wà. Èèrà, ẹ kà á, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, torí omi dídùn ló sábà máa ń wá jí mu láìgbé lẹ́búlẹ́bú lọ síbì kankan.

Èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ ya fótò ẹ̀ lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níwájú, kẹ́ ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì ayélujára tí wọ́n ti ń dá ẹ̀dá mọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n káàkiri ayé á bá yín wò ó. Ní ti ewéko, ẹ ká ẹ̀ka kan tó ní òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ fi páálí àti òkúta tẹ̀ ẹ́, ẹ máa pààrọ̀ ìwé ẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi máa gbẹ. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Aláàbátà, ní àwọn olùkọ́ tó mọ ewéko àti kòkòrò, ní Ìbàdàn a sì ní ilé ìkó-ewé-pamọ́ sí ní FRIN (ilé ìwádìí igbó ti Nàìjíríà) àti ilé ìkó-kòkòrò-pamọ́ sí ní IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru). Ẹ kọ lẹ́tà tàbí í-méèlì ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí ọ̀pọ̀tọ́ tó ta gbòǹgbò sínú pàlàpálá àpáta, ẹ má wá òdòdó ẹ̀ lórí ẹ̀ka, ẹ ò ní rí i. Inú èso yẹn gan-an lòdòdó wà. Ẹ la ọ̀kan sí méjì kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀, òdòdó wẹ́wẹ́ tó kún ibẹ̀ nìyẹn, agbọ́n kan tó kéré ju èèrà lọ ló sì ń há ara ẹ̀ gba ojú ihò kékeré orí ẹ̀ wọlé. Bí ìyẹ́ ẹ̀ tiẹ̀ ya lẹ́nu ọ̀nà, kò ní padà sẹ́yìn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kòkòrò náà wúlò?

Pé kòkòrò wá sórí òdòdó kò ní kó jẹ́ pé òun ló jẹ́ kó so. Ẹ lọ ra àwọn àpò nẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n fi ń di ohun ìrántí òde àríyá, ẹ ó rí i rà l'Ìtokú. Ẹ wá elégédé tàbí egúsí nínú oko tó wà nísàlẹ̀ àpáta, torí òdòdó akọ àti abo wọn dá yàtọ̀, abo ní èso kékeré nídìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àpò bo òdòdó abo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa là lọ́la. Ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì sílẹ̀ láìbò ó, ẹ kàn so òwú mọ́ ọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìkẹta, ẹ bò ó, àmọ́ ní kùtùkùtù ẹ ṣí i, ẹ ká òdòdó akọ kan, ẹ fi pa á lórí, ẹ tún bò ó padà. Ẹ tètè jí o, òdòdó elégédé máa ń là láfẹ̀mọ́jú, kó tó di ọ̀sán ó ti padé. Tó bá di ọjọ́ keje ẹ lọ wò wọ́n. Èyí tẹ́ ẹ bò tẹ́ ẹ ò sì ràn lọ́wọ́ máa rọ, á sì já bọ́. Ẹ ka iye tó so nínú agbo kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan máa ń lo abọ́ aláwọ̀ yẹ́lò, búlúù àti funfun tí wọ́n bu omi sí pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí kòkòrò lè rì sínú ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń pa wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Tí olùkọ́ yín bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ gbé abọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹ kó o nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́ àti ọmọdé, kẹ́ ẹ kó àwọn kòkòrò náà sínú ọtí etánọ́ọ̀lù ìdá 70 nínú 100, pẹ̀lú ìwé pélébé tẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ibi àti déètì sí. Kòkòrò tí kò ní ibi àti déètì, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti da gbogbo ẹ̀ sínú Excel, ìlà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó jẹ́ òdo. Ẹ má fi iye kòkòrò nìkan wéra. Ká ní férémù kan ní òdòdó 30 tí kòkòrò bà á lẹ́ẹ̀méjìlá, òmíràn ní òdòdó 10 tí wọ́n bà á lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Èèyàn á ní ti àkọ́kọ́ ló pọ̀. Ẹ pín in: 12 sí ọ̀nà 30 jẹ́ 0.4 fún òdòdó kan, 9 sí ọ̀nà 10 jẹ́ 0.9. Òdòdó kọ̀ọ̀kan nínú férémù kejì rí àlejò ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ wá kó gbogbo ti àárọ̀ jọ, gbogbo ti ọ̀sán jọ, ti ìrọ̀lẹ́ jọ, ẹ wo ìpíndọ́gba wọn lójú ibì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sí ibi méjì. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, pẹ̀lú fótò mẹ́ta mẹ́rin tó dára, ẹ mú un padà lọ fún baálẹ̀ tó fún yín láyè, ẹ fi èdè wa kà á fún un. Baba tó fọ̀nà oyin hàn mí yẹn, nígbà tí mo ka tiwa fún un tán, ó ní kí n padà wá nígbà tí igi ìgbá òun tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n ń fi kóró ẹ̀ ṣe irú, bá yọ òdòdó, pé ojú òun rí i pé òru ni nǹkan ń wá sórí ẹ̀, òun rò pé àdán ni. Àdán náà ni. Mo ti ra iná orí láti lọ jókòó tì í.